Kíki Ọ́ìlì Kọ́ ni Ojúlówó Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ lórí Yíyan Ọ́ìlì Ẹ́ńjìnnì fún Jíìpù ní Agbègbè Sáńgò-Ọ̀tà

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí a ṣe lè fi èdè Yorùbá kọ́ni ní yíyan ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ó bá jíìpù àti pikọ́ọ̀pù tí ń rin ojú ọ̀nà búburú mu. Ó fi hàn pé ìdájọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ ‘ki’ àti ‘ṣàn’ nínú ìlò ojoojúmọ́ bá ìgbàgbọ́ kan mu, èyí ni pé ọ́ìlì tí ó bá ki jù ni ó dára jù. A ṣàlàyé òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ kíki ọ́ìlì, a ya kíki sọ́tọ̀ kúrò lára ojúlówó, a sì dábàá ẹ̀kọ́ kékeré kan tí olùkọ́ lè ṣe nínú kíláàsì.

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì mu ju bí ọ̀pọ̀ onímọ́tò ti rò lọ. Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibi tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí jù lọ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gba Sáńgò kọjá. Ọ̀nà Ìdìróko tí ó lọ sí ẹnubodè orílẹ̀-èdè Bìníì sì gba inú Ọ̀tà. Láàrin àwọn ọ̀nà ńlá wọ̀nyí àti ẹnu géètì ilé iṣẹ́, ojú ọ̀nà tí ó kún fún kòtò, ẹrẹ̀ àti eruku kò ṣọ̀wọ́n. Ìdí nìyí tí jíìpù àti pikọ́ọ̀pù tí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà fi wúlò níbẹ̀, tí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì sì pọ̀ lọ jàra.

Bí oníjíìpù bá wọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ láti pààrọ̀ ọ́ìlì, ìmọ̀ràn kan wà tí kì í pẹ́ kí ó tó gbọ́: “Ọ̀gá, oòrùn ilẹ̀ yìí mú púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí á rọ èyí tó ki sí i.” Inú rere ni mẹkáníìkì fi sọ ọ́. Ìgbà mìíràn sì wà tí ohun tí ó sọ tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà tí ìmọ̀ràn yìí yóò gbà là, òmíràn sì wà tí yóò bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó bá nọ́ọ̀kì lè jẹ gbogbo èrè ọdún kan mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́, ó sì lè ba orúkọ mẹkáníìkì jẹ́ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni ó kan Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ọ́ìlì. Ìdáhùn wa ni pé Yorùbá ni ọ̀gá mẹkáníìkì fi ń kọ́ ọmọṣẹ́ ní Sáńgò. Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn pé èdè Yorùbá kò kéré láti fi kọ́ ọmọdé ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2022, wọ́n sì fagi lé e ní 2025. Ṣùgbọ́n kò sí ìlànà kan tí ó lè fagi lé Yorùbá ní abẹ́ igi tí mẹkáníìkì ti ń tú ẹ́ńjìnnì. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé èdè náà ni wọ́n ń lò, ojúṣe wa ni láti rí i pé ọ̀rọ̀ tí ó péye wà nínú rẹ̀ fún iṣẹ́ wọn.

2.0 ‘Ki’ àti ‘Ṣàn’ Nínú Ìlò Yorùbá

Bí pákó tàbí aṣọ bá nínípọn, ‘nípọn’ ni a ń lò fún un. ‘Ki’ ni a ń lò fún ohun olómi. Ẹ̀kọ mímu lè ki, ó sì lè ṣàn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n lásán. Ìdájọ́ wà nínú wọn. Bí ẹ̀kọ bá ṣàn jù, ẹni tí ó rà á yóò rò pé wọ́n ti bomi là á. Bí àgbo bá ki, a gbà pé egbò àti ewé pọ̀ nínú rẹ̀, yóò sì ṣiṣẹ́. Bí a bá sọ pé ọbẹ̀ ṣàn, a kò yin ẹni tí ó sè é.

Ìdájọ́ yìí ni onímọ́tò ń gbé dé ìdí ọ́ìlì. Bí ó bá ṣí ike ọ́ìlì 5W-30, tí ó rí i tí ó ń ṣàn wérewéré, ọkàn rẹ̀ a sọ fún un pé wọ́n ti là á, tàbí pé ayédèrú ni. Bí ó bá ṣí 20W-50 tí ó ń rọra fà bí oyin, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí omi nínú èkíní, kò sì sí agbára àrà ọ̀tọ̀ nínú èkejì. Bí a ṣe pèsè ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi hàn. Ọ́ìlì tí ó ń ṣàn wérewéré lè jẹ́ ojúlówó tí owó rẹ̀ ga jù nínú ìsọ̀. Ọ́ìlì tí ó ki sì lè jẹ́ ayédèrú pátápátá.

Àmọ́ ìmọ̀ mìíràn wà nínú ilé ìdáná wa tí ó lè tún èrò yìí ṣe. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé epo pupa a máa dì nígbà ọyẹ́, pé oòrùn ọ̀sán a sì tún yọ́ ọ. Òrí a máa le ní òwúrọ̀, a sì máa yọ́ bí ooru bá mú un. Èyí fi hàn pé kíki kì í dúró sójú kan; ooru ni ó ń darí rẹ̀. Nítorí náà, “Báwo ni ọ́ìlì yìí ṣe ki?” kò tíì pé ní ìbéèrè. Ìbéèrè tí ó pé ni pé, “Báwo ni ó ṣe ki nígbà tí ó bá gbóná tó ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́?”

Ẹ jẹ́ kí á fi nọ́ńbà gbe é lẹ́sẹ̀. Òṣùwọ̀n tí a ń kọ ní cSt ni a fi ń wọn kíki yìí. Omi lásán ní ìwọ̀n ooru 20°C jẹ́ nǹkan bí 1. Ọ́ìlì 5W-30 sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí 60 sí 65 ní 40°C, ṣùgbọ́n bí ó bá dé 100°C, yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 10 tàbí 11. Ọ́ìlì 20W-50 sábà máa ń wà ní nǹkan bí 160 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 40°C, yóò sì wálẹ̀ sí nǹkan bí 18 ní 100°C. A rí i pé 20W-50 tí ó ti gbóná nínú ẹ́ńjìnnì ń ṣàn ju 5W-30 tí ó tutù nínú ike lọ fíìfíì. Ọ́ìlì tútù ni ojú wa ń dá lẹ́jọ́ nínú ìsọ̀. Ọ́ìlì gbígbóná ni ó ń ṣiṣẹ́.

3.0 Ohun tí Àmì Ara Ike Ń Sọ

3.1 Nọ́ńbà tí ó ṣáájú W

Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́-ẹ̀rọ ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, SAE, ni ó gbé òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò kalẹ̀; láti 1911 ni wọ́n ti ń pín ọ́ìlì sí ìsọ̀rí nípa kíki rẹ̀. Lẹ́tà W tí ó wà láàrin 20W-50 dúró fún ìgbà òtútù ilẹ̀ òyìnbó. Kò dúró fún ìwúwo gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti máa ń sọ. Nọ́ńbà tí ó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì yóò ṣe fàyè gba ẹ́ńjìnnì láti yí nígbà tí òtútù bá mú gidigidi. A ń dán 20W wò ní ìwọ̀n 15 lábẹ́ òdo, 15W ní 20 lábẹ́ òdo, 10W ní 25, 5W ní 30, àti 0W ní 35 lábẹ́ òdo.

Kò sí irú òtútù bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tà. Nítorí náà, ẹni tí ó ń lo 20W níbẹ̀ kò ní bẹ̀rù pé ọkọ̀ òun kò ní tan ní òwúrọ̀. Síbẹ̀, nọ́ńbà yìí kò wúlò tán. Bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ tí a bá tan án, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ ti ọ́ìlì dé òkè níbi tí àwọn fáàfù wà. Èyí tí ó ń ṣàn ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀.

3.2 Nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn

Nọ́ńbà tí ó kẹ́yìn ni ó ń sọ kíki ọ́ìlì nígbà tí ó bá gbóná dé 100°C. Báyìí ni ìpín náà rí ní cSt:

SAE 20: láti 6.9 títí dé ìsàlẹ̀ 9.3
SAE 30: láti 9.3 títí dé ìsàlẹ̀ 12.5
SAE 40: láti 12.5 títí dé ìsàlẹ̀ 16.3
SAE 50: láti 16.3 títí dé ìsàlẹ̀ 21.9

Ó yẹ kí olùkọ́ tẹnu mọ́ ọn pé nọ́ńbà yìí kì í ṣe máàkì ìdánwò. Ọ́ìlì 50 kò yege ju 30 lọ. Ńṣe ni ó dà bí nọ́ńbà bàtà: ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 40 kò ní ra 45 nítorí pé ó fẹ́ bàtà tí ó lágbára.

3.3 Lẹ́tà ojúlówó

Ibòmíràn lára ike ni a ti ń wo ojúlówó. API, ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ epo ní Amẹ́ríkà, a máa fi lẹ́tà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn. S ni ó ṣáájú fún ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, C fún ti dísẹ́ẹ̀lì. Lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé S ń sọ ìran tí ọ́ìlì náà jẹ́. SF wà fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe ní 1988 sẹ́yìn. SN jáde ní 2010, SP sì jáde ní 2020. Nínú ti dísẹ́ẹ̀lì, CI-4 jáde ní 2002, CK-4 ní 2016. Ike méjì lè wà tí a kọ 20W-50 sí lára, kí ọ̀kan jẹ́ SF, kí èkejì jẹ́ SP. Kíki wọn bára mu, ṣùgbọ́n èròjà tí ń fọ ìdọ̀tí, tí kì í sì í jẹ́ kí ọ́ìlì tètè bàjẹ́, kò bára mu rárá. Ẹni tí ó bá wo nọ́ńbà nìkan ti ka ìlàjì ìwé.

4.0 Ohun tí Ojú Ọ̀nà Búburú Ń Ṣe sí Ọ́ìlì

Iṣẹ́ ọ́ìlì ni láti tẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sáàrin irin méjì kí irin má ba à ha irin. Bí ọ́ìlì bá ṣàn jù fún ẹ́ńjìnnì kan, awọ yìí yóò já nígbà tí ẹrù bá wúwo tí ooru sì pọ̀. Iná ọ́ìlì lè tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ariwo yóò sì bẹ̀rẹ̀. Èyí ni ẹ̀rù mẹkáníìkì, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Jíìpù tí ó ń fi jíà kékeré wọ́ nínú ẹrẹ̀ ń lo agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sáré tó kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí rédíétọ̀ dáadáa. Bí ẹrẹ̀ bá tún dí ojú rédíétọ̀, ọ́ìlì lè gbóná kọjá 100°C.

Ṣùgbọ́n ewu wà ní òdìkejì pẹ̀lú. Bí ọ́ìlì bá ki ju bí ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ lọ, kò ní tètè wọ ihò tóóró. Pọ́ǹpù yóò máa tiraka, ọ̀nà àbùjá inú rẹ̀ yóò sì ṣí, kí apá kan ọ́ìlì máa padà sí ìsàlẹ̀ láì dé ibi iṣẹ́. Fílítà pẹ̀lú ní irú ọ̀nà àbùjá bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣí, ọ́ìlì tí a kò sẹ́ ni yóò máa yí inú ẹ́ńjìnnì ká, pẹ̀lú gbogbo eruku tí ó kó. Epo tí ọkọ̀ ń jẹ yóò sì pọ̀ sí i. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, ọ́ìlì yìí kan náà ni ó ń ti ẹ̀rọ kékeré tí ń yí àsìkò ṣíṣí fáàfù padà. Ihò rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ́ìlì tí ó ki jù a máa dá a dúró, iná a sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí onímọ́tò yóò máa wá ìdí rẹ̀ káàkiri.

Ohun kan tún wà tí ó ń tan ni jẹ. Ọ́ìlì tí ó ki lè pa ariwo ẹ́ńjìnnì tí ó ti gbó mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tí ó ń ta ọkọ̀ lè fi bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó dákẹ́ nípa bẹ́ẹ̀ kò tíì sàn.

5.0 Yíyan: Jíìpù Mẹ́ta Nínú Ṣọ́ọ̀bù Kan

Ẹní bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí á bi ní ìbéèrè ni ìwé tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í bá ìwé dé, èyí tí ó bá sì dé lè jẹ́ èyí tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ olótùútù. Ẹ jẹ́ kí á fojú inú wo ọkọ̀ mẹ́ta tí ó wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Sáńgò lọ́jọ́ kan náà.

(i) Jíìpù pẹtiróòlù àtijọ́ tí ó ṣì ń lo kàbúrétọ̀. Àwọn ihò inú rẹ̀ fẹ̀, irin rẹ̀ sì ti jẹ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní àtẹ tí ó fàyè gba 20W-50 fún ilẹ̀ olóoru. Níhìn-ín, mẹkáníìkì tọ̀nà. Kí ó rọ 20W-50, kí ó sì yan èyí tí lẹ́tà rẹ̀ kò ti kọjá lọ́jà.

(ii) Pikọ́ọ̀pù dísẹ́ẹ̀lì tí ó ń kó ẹrù ilé iṣẹ́, tí ó sì ní tọ́bò. Fún ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, 15W-40 tí a kọ CI-4 tàbí èyí tí ó jáde lẹ́yìn rẹ̀ sí lára ni ó bá a mu. Tọ́bò gbóná, ó sì ń yí kíkankíkan; ojúlówó ọ́ìlì ṣe pàtàkì sí i ju kíki àfikún lọ. Bí asẹ́ èéfín bá wà nínú sàlẹ́ńsà rẹ̀, ó di dandan láti lo irú ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ náà dárúkọ, kí asẹ́ má ba à dí.

(iii) Jíìpù tòkunbọ̀ tuntun díẹ̀, tí ìwé rẹ̀ tàbí ìdérí ẹnu ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí sọ pé 5W-30. Ọkọ̀ yìí ni ìmọ̀ràn “èyí tó ki” lè ṣe léṣe. Oòrùn Ọ̀tà kì í ṣe ìdí láti fo dé 20W-50. Ooru ìta lè tó 35°C, ṣùgbọ́n rédíétọ̀ àti ohun tí ń darí omi rẹ̀ ni ó ń pinnu bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe gbóná tó. Bí ẹrù àti ẹrẹ̀ bá pọ̀ jù, kí á wá ìwé irú ọkọ̀ náà tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ olóoru. Bí ó bá fàyè gba 5W-40, kí á gun àtẹ̀gùn kan péré. Bí kò bá fàyè gbà á, kí á dúró lórí 5W-30.

Ohun mẹ́ta ni ó kan ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èkíní, eruku àti ẹrẹ̀ ń béèrè pé kí á tètè pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà ju bí a ti ń ṣe fún ọkọ̀ tí ń rin ọ̀dà. Èkejì, bí ọkọ̀ bá ti gba inú àgbàrá kọjá, kí á fa ọ̀pá géèjì yọ. Bí ọ́ìlì bá ti funfun bíi tíì tí a bu mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀, kò sì sí nọ́ńbà tí ó lè gbà á là. Ẹ̀kẹta, kí á ra ọ́ìlì tí èdìdì rẹ̀ ṣì wà lẹ́nu, kí á sì gún ike rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá rọ ọ́ tán, kí àwọn oníjìbìtì má ba à tún nǹkan mìíràn rọ sínú rẹ̀.

6.0 Ẹ̀kọ́ Nínú Kíláàsì

Olùkọ́ kò nílò ẹ́ńjìnnì láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Kí ó wá ike omi mẹ́rin tí ó dọ́gba, kí ó sì fi ìṣó kan náà lu ihò kan sí ìdérí ọ̀kọ̀ọ̀kan àti sí ìdí rẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Kí ó bu ìwọ̀n kan náà omi, epo pupa, ọ́ìlì 5W-30 àti ọ́ìlì 20W-50 sínú wọn. Ọ́ìlì tuntun ni kí ó lò. Ọ́ìlì dúdú tí a ń pè ní kọ̀ńdẹ́mù léwu fún awọ ara, kò sì yẹ kí á dà á sílẹ̀ tàbí sí gọ́tà. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi aago ka ìṣẹ́jú àáyá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lò kí ó tó ṣàn tán sínú ife.

Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n ki ike ọ́ìlì méjèèjì bọ inú omi gbígbóná tí a ti gbé kúrò lórí iná, kí wọ́n sì tún ka aago. Wọn yóò rí i pé ìyàtọ̀ tí ó tóbi láàrin ọ́ìlì méjèèjì nígbà tí wọ́n tutù ti dín kù gan-an. Ibí yìí ni kí olùkọ́ ti mú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wá: ‘kíki’, ‘ìṣàn’, ‘kíki nígbà òtútù’, ‘kíki nígbà ooru’, ‘awọ ọ́ìlì’ àti ‘ojúlówó’. Iṣẹ́ èdè-ìperí tí ó ti wà nílẹ̀ láti 1984 dá lé ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì náà yẹ ní kíkójọ, kí á sì gba ọ̀rọ̀ àyálò bíi fáàfù àti fílítà mọ́ra bí àwọn oníṣẹ́ ṣe ń pè wọ́n.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ọ̀rọ̀ ‘ki’ tí a ń lò fún ẹ̀kọ àti àgbo ní ìdájọ́ nínú, ìdájọ́ yìí sì lè ṣi onímọ́tò lọ́nà. Kíki ni nọ́ńbà ń sọ. Ojúlówó ni lẹ́tà ń sọ. Ìwé ọkọ̀ ni ó sì ń sọ èyí tí ẹ́ńjìnnì fẹ́. Mẹkáníìkì tí ó ní “ẹ fi èyí tó ki sí i” kò purọ́, kò kàn tíì béèrè pé ẹ́ńjìnnì wo ni. Bí olùkọ́ tí ń bọ̀ lẹ́yìn bá fi ìbéèrè kan yìí sí ọmọ lẹ́nu ní Yorùbá tí ó já geere, yóò gba ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì là, yóò sì gba oúnjẹ òòjọ́ àwọn tí ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ là pẹ̀lú.

Ìbéèrè fún Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ‘nípọn’ àti ‘ki’. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àpẹẹrẹ méjì láti inú ilé ìdáná.
2. Oníbàárà kan sọ pé ọ́ìlì 5W-30 tí òun rà ti lómi nínú. Kọ ìdáhùn tí ìwọ yóò fún un.
3. Ike méjì ni a kọ 15W-40 sí lára, ọ̀kan jẹ́ CI-4, èkejì jẹ́ CK-4. Kí ni ó bára mu nínú wọn, kí ni kò sì bára mu?
4. Lọ sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan ní àdúgbò rẹ. Kọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí wọ́n ń lò fún ọ́ìlì àti ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kí o sì sọ èyí tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò.